Iye Ilé Kọ́ Ni Owó-Orí Ilé
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará ìlú sọ ní kíláàsì àwọn àgbà

  

Ìyá kan dìde nínú kíláàsì wa níjọ́sí. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde. Ó ní: "Ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní iye ilé mi ti lọ sókè. Ṣé owó-orí mi náà ti lọ sókè nìyẹn?"

Àwọn kan dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ariwo sọ. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ lónìí. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: iye ilé yàtọ̀, owó-orí ilé yàtọ̀. Ohun méjì ló ń pàdé kí owó-orí tó jáde. Ẹni tó bá mọ ohun méjèèjì, wọn kò lè fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà á, wọn kò sì lè rẹ́ ẹ jẹ.

OWÓ ORÍ ÀTI OWÓ-ORÍ ILÉ

Láyé àwọn bàbá wa, nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun ń ṣàkóso Dahomey, orí ni wọ́n ń kà. Wọ́n wọ abúlé, wọ́n ka àgbàlagbà, wọ́n ní kí olúkúlùkù san iye kan. Olówó san án, tálákà san án. Ẹni tí oko rẹ̀ jóná san án. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní owó orí.

Kò rọrùn fún àwọn ènìyàn. Ní oṣù kejì ọdún 1923, àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀, wọ́n ní àwọn kò ní san owó-orí tí ìjọba fi kún. Ìjọba amúnisìn kó ọmọ ogun wọ ìlú. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí ìgbèkùn. Louis Hunkanrin wà lára wọn. Ilẹ̀ Moritania ni wọ́n gbé e lọ.

Owó-orí ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ka orí. Ohun tí ènìyàn ní ló ń wò. Ẹni tí ilé rẹ̀ tóbi yóò san púpọ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ kéré yóò san díẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò lè rí bẹ́ẹ̀ bí a kò bá kọ́kọ́ mọ iye tí ilé kọ̀ọ̀kan tó. Iṣẹ́ mímọ iye yìí la ń pè ní ìdíyelé.

KÍ NI ÌDÍYELÉ?

Ẹ jẹ́ ká fi àgbàdo ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé abúlé kan fẹ́ gbẹ́ kànga. Wọ́n ní kí olóko kọ̀ọ̀kan mú àgbàdo wá, kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi owó rẹ̀ gbẹ́ kànga. Wọ́n ní: nínú agbọ̀n 20, kí olúkúlùkù mú agbọ̀n 1 wá.

Kí ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe? Wọn yóò wo aká olúkúlùkù. Wọn yóò ka agbọ̀n tó wà níbẹ̀. Kíkà yìí ni ìdíyelé. Kì í ṣe òun ni àgbàdo tí wọn yóò gbé lọ. Ẹni tí wọ́n ka agbọ̀n 100 nínú aká rẹ̀ kò ní mú agbọ̀n 100 wá. Agbọ̀n 5 ni yóò mú wá.

"Agbọ̀n 1 nínú 20" ni ohun kejì. A ó máa pè é ní ìdá. Aká àti ìdá: àwọn méjèèjì ló bí ohun tí ènìyàn yóò mú wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé rí. Ní ilẹ̀ Benin wa yìí, bí ilé bá wà lórí ilẹ̀, owó tí ilé náà lè mú wọlé lọ́dún bí a bá fi háyà ni wọ́n ń wò. Bí ilẹ̀ bá ṣófo, tí kò sí ilé lórí rẹ̀, iye tí a lè tà á ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wo ibi tí ilé wà. Wọ́n ń wo bó ṣe tóbi tó. Wọ́n ń wo ohun tí a fi kọ́ ọ: ṣé amọ̀ ni, ṣé bíríkì sìmẹ́ńtì ni? Wọ́n ń wò bóyá iná mànàmáná àti omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀.

Kí ìdíyelé tó lè ṣe déédéé, a gbọ́dọ̀ mọ ilé tó wà àti ẹni tó ni ín. Nítorí náà ni àwọn ìlú ńlá wa, bíi Parakou, Kùtọnú àti Àjàṣẹ́, fi ṣí ìwé ńlá kan tí wọ́n kọ gbogbo ilẹ̀ àti ilé ìlú sí. Àwọn ìlú mìíràn ń tẹ̀lé wọn. Bí ìlú bá ń gbòòrò, abúlé ẹ̀bá rẹ̀ ń di àdúgbò. Bí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ bá ti ri òkúta ààlà mọ́ oko yín, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kan yín.

TA LÓ Ń MÚ ÌDÁ?

Àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí ló ń díye lé ilé. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló ń yan ìdá bó ṣe wù wọ́n. Òfin orílẹ̀-èdè ló pa ààlà sí i, nísàlẹ̀ àti lókè. Láàrin ààlà yìí, àwọn ìgbìmọ̀ kọ̀múnù ló ń dìbò lé e.

Ta ni àwọn ìgbìmọ̀ yìí? Àwọn tí àwa fúnra wa dìbò yàn ni. Oṣù kìíní ọdún 1999 ni òfin kọ̀múnù jáde. Oṣù kejìlá ọdún 2002 ni a kọ́kọ́ dìbò yan wọn. Kọ̀múnù 77 ló wà ní ilẹ̀ wa. Kétu jẹ́ ọ̀kan, Ṣábẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, Àjàṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Owó-orí ilé àti ilẹ̀ wà lára owó tí kọ̀múnù fi ń ṣe ọ̀nà, tí wọ́n fi ń tún ọjà ṣe, tí wọ́n fi ń bo òrùlé ilé-ìwé.

Nítorí náà ẹ má gbàgbé: ẹni tó ń díye lé ilé yàtọ̀, ẹni tó ń mú ìdá yàtọ̀. Bí ẹ bá ní ẹjọ́ lórí iye ilé, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ owó-orí ni kí ẹ lọ. Bí ẹ bá ní ẹjọ́ lórí ìdá, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹni tó bá gbé ẹjọ́ àkọ́kọ́ lọ síwájú ẹnì kejì yóò fi ọjọ́ ṣòfò.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ

Ẹ mú sílétì yín. Ká fi ilé 3 ṣe abúlé kan. Ká mú ìdá 6 nínú 100.

Ilé àkọ́kọ́ ni ti opó kan. Bí ó bá fi háyà, yóò gba 5.000 fáránkì lóṣù. Lọ́dún, ó jẹ́ 60.000.
Ilé kejì ni ti télọ̀ kan. 10.000 lóṣù. Lọ́dún, ó jẹ́ 120.000.
Ilé kẹta ni ti oníṣòwò kan. 20.000 lóṣù. Lọ́dún, ó jẹ́ 240.000.

Bí a bá bu 6 nínú 100:
Opó yóò san 3.600.
Télọ̀ yóò san 7.200.
Oníṣòwò yóò san 14.400.
Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 25.200 fáránkì.

Ní báyìí, ọ̀dà títì dé abúlé. Owó háyà di ìlọ́po méjì. Òṣìṣẹ́ owó-orí padà wá, ó sì kọ iye tuntun: 120.000, 240.000, 480.000. Ṣé owó-orí yóò lọ sókè?

Bí ìgbìmọ̀ bá fi ìdá sílẹ̀ ní 6, bẹ́ẹ̀ ni. Olúkúlùkù yóò san ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí ìgbìmọ̀ bá sọ pé owó àná tó wa, tí wọ́n sì dín ìdá kù sí 3, ẹ tún un ṣírò. Opó yóò san 3.600. Télọ̀ yóò san 7.200. Oníṣòwò yóò san 14.400. Kò sí ohun tó yí padà! Iye ilé lọ sókè, owó-orí dúró síbi tó wà.

Ẹ wá rí i: ìyá tó mú ìwé rẹ̀ wá kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù kó tó béèrè ìbéèrè kejì. "Iye ilé mi lọ sókè. Ìdá ńkọ́? Kí ni wọ́n ṣe sí i?"

ẸNI TÓ FI ILÉ PAMỌ́, TA LÓ Ń JÀ LÓLÈ?

Àwọn kan rò pé ìjọba ni àwọn ń tàn jẹ bí àwọn bá fi ilé pamọ́. Ẹ padà sí abúlé wa, kí ìdá tún jẹ́ 6.

Oníṣòwò gbọ́n féfé. Ó rí ẹnì kan, wọ́n sì kọ ilé rẹ̀ sílẹ̀ bí ilé opó: 60.000 dípò 240.000. Owó-orí rẹ̀ já wálẹ̀ láti 14.400 sí 3.600. Ṣùgbọ́n owó kànga kò yí padà, 25.200 náà ni. Níbo ni wọn yóò ti rí i?

Àpapọ̀ iye ilé 3 ti di 240.000. Kí 25.200 tó lè jáde nínú rẹ̀, ìdá gbọ́dọ̀ di 10,5 nínú 100. Ẹ ṣírò rẹ̀:
Opó yóò san 6.300.
Télọ̀ yóò san 12.600.
Oníṣòwò yóò san 6.300.

Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan iye ilé opó. Kò kọ́ yàrá kún un. Síbẹ̀ owó rẹ̀ kúrò ní 3.600, ó di 6.300. Ẹrù tí oníṣòwò sọ̀ kalẹ̀ ni ó bọ́ sí orí rẹ̀. Tàbí kẹ̀, bí wọn kò bá gbé ìdá sókè, kànga kò ní jinlẹ̀ tó, opó náà ni yóò sì rìn jìnnà lọ pọnmi.

Ohun tí ìdíyelé wà fún gan-an nìyí: láti pín ẹrù ní ìpín ìpín, bí agbára olúkúlùkù ti mọ. Bí ìdíyelé bá wọ́, ìpín wọ́. Ẹni tó fi ilé pamọ́, aládùúgbò rẹ̀ ló ń jà lólè.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ÈKÓ

Ẹ má rò pé orí sílétì nìkan ni èyí wà. Èkó kò jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ wa ló ní ará níbẹ̀. Ní ọdún 2018, ìjọba Èkó ṣe òfin tuntun lórí owó-orí ilé àti ilẹ̀, dípò ti ọdún 2001. Wọ́n yí ọ̀nà ìdíyelé padà, wọ́n sì gbé ìdá sókè. Ohun méjèèjì lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlú hó. Àwọn onílé pariwo, àwọn oníṣòwò pariwo. Ìjọba dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ariwo kò tán.

Ní ọdún 2020, wọ́n tún òfin ṣe. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe dáadáa. Wọ́n fi ọ̀nà ìdíyelé ti 2018 sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìdá ni wọ́n dá padà sí bó ṣe rí kí 2018 tó dé. Fún onílé tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀, ìdá já wálẹ̀ láti 0,076 nínú 100 sí 0,0394 nínú 100. Bí a kò bá ka ẹ̀dínwó mìíràn, ilé tí iye rẹ̀ jẹ́ náírà mílíọ̀nù 10 yóò kúrò ní náírà 7.600, yóò bọ́ sí náírà 3.940.

Iye ilé kò yí padà. Owó-orí já wálẹ̀. Aká kan náà, ìdá mìíràn.

OHUN TÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍ ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òdìkejì rẹ̀ la rí. Láti ọdún 1993 ni wọ́n ti ń gba owó-orí ilé kan níbẹ̀. Wọ́n pín ilé sí ọ̀wọ́ 8 gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n tó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1991. Láti ìgbà náà wọn kò tíì díye lé gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn náà pàápàá, iye tí ìbá tó ní 1991 ni wọ́n ń bù fún un.

Ṣé owó-orí wọn dúró sójú kan nígbà náà? Rárá. Ọdọọdún ni ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan ń mú iye tí wọn yóò gbà, ó sì ti lọ sókè gan-an láti 1993. Iye ilé sùn, owó-orí ń rìn.

Ìpalára mìíràn tún wà níbẹ̀. Láti 1991, iye ilé ní Lọ́ńdọ́nù ti ga ju ti àwọn ìlú mìíràn lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìwé kò mọ̀. Ìpín àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lò. Ìdíyelé tó pẹ́ jù dà bí òṣùwọ̀n tí eku ti jẹ nídìí: gbogbo ènìyàn ń fi wọn nǹkan, kò sì sí ẹni tó gba ohun tó tọ́ sí i.

ÀBÚRÒ ÌYÁ MI

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣojú mi. Àbúrò ìyá mi kan ní ilé oníyàrá méjì. Owó háyà rẹ̀ kò lè ju 60.000 fáránkì lọ lọ́dún. Ìwé owó-orí dé, wọ́n kọ 10.800 sí i. Ó tọrọ, ó yá, ó san. Ọdún yípo, ìwé tún dé, 10.800 náà ni. Ó tà ewúrẹ́ rẹ̀ méjì, ó san. Kò lè kàwé. Owó ìsàlẹ̀ ìwé nìkan ni wọ́n ń kà fún un.

Ní ọdún kẹta, ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń lọ sí kíláàsì bí irú èyí. Ó gba ìwé náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rí i pé iye ilé tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ 180.000. Ó ní: "Ìyá, ilé ta nìyí?" Wọ́n ti ka ilé aládùúgbò pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ìdá kò ní àbùkù, 6 nínú 100 ni. Aká ni wọ́n kà ṣì.

Wọ́n kọ lẹ́tà. Wọ́n mú un lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá. Wọ́n padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Níkẹyìn, òṣìṣẹ́ kan wá wọn ilé náà, ó sì tún ìwé ṣe. Owó-orí di 3.600. Àwọn ewúrẹ́ kò padà wá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, àbúrò ìyá mi kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ pa kíláàsì jẹ.

OHUN TÍ A Ó ṢE

Bí ìwé owó-orí bá dé, ẹ má kàn wo owó ìsàlẹ̀. Ẹ wá ohun 3 nínú rẹ̀.

1. Iye ilé tàbí ilẹ̀. Ẹ bi ara yín: ṣé ilé mi nìyí? Ṣé bó ṣe tóbi nìyí? Ṣé iye yìí bá ilé aládùúgbò tó jọ tèmi mu?

2. Ìdá. Mélòó nínú 100 ni? Ṣé òun náà ni ìgbìmọ̀ kọ̀múnù dìbò lé?

3. Owó tí a ó san. Ẹ fi iye ilé ṣe ìlọ́po ìdá, kí ẹ pín in sí 100. Bí kò bá bá ti inú ìwé mu, ẹ lọ béèrè.

Bí àṣìṣe bá wà, ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ kọ orúkọ yín, ibi tí ilé wà, àṣìṣe tí ẹ rí, àti ohun tó yẹ kó jẹ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ kan. Ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ ti san. Ẹ má fi falẹ̀, nítorí ẹjọ́ owó-orí ní ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Bí ìgbìmọ̀ bá sì fẹ́ mú ìdá, ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹ béèrè iye tí wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Ẹni tó san owó kànga lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ bóyá omi wà nínú rẹ̀.

Ìyá tó béèrè ìbéèrè wa dà? Ẹ ṣeun, ìyá. A ti ka ìwé yín pọ̀. Iye ilé yín lọ sókè lóòótọ́, nítorí ẹ fi yàrá kan kún un. Ìdá kò yí padà. Nítorí náà owó yín lọ sókè díẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti wá mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó mọ ìdí ohun tó ń san, kò san án bí ẹrú.

IṢẸ́ FÚN KÍLÁÀSÌ

Ilé kan lè mú 90.000 fáránkì wọlé lọ́dún. Ìdá jẹ́ 6 nínú 100. Mélòó ni owó-orí rẹ̀? Bí iye ilé náà bá di 108.000, tí ìdá sì di 5, ṣé owó-orí lọ sókè, àbí ó já wálẹ̀, àbí kò yí padà? Ẹ ṣírò rẹ̀ kí a tó tún pàdé.